Oorun wo lẹ fẹ́ kí n sùn?

Alẹ́ kẹta tí a ti ọsibítù dé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí ọmọ mi ń bẹ̀rù. Wọ́n ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́, mo ti pa jẹnẹrétọ̀ nítorí owó epo, iná oníbátìrì kékeré kan ló kù lórí fèrèsé. Mo gbọ́ tí pákó bẹ́ẹ̀dì ń dún nínú yàrá rẹ̀, mo bá yọjú. Ó jókòó sókè, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó fi ọmọ ìka na ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè, tọ̀tún tòsì, kí wọ́n má baà pàdé. Omi ń dà lójú náà. Kì í ṣe ẹkún o. Ojú tí a kò jẹ́ kó ṣẹ́ ni.

“Àkànní, kí lò ń ṣe yẹn?”

“Mi ò fẹ́ sùn, Dádì.”

“Kí ló dé?”

Ó wo ẹnu ọ̀nà kó tó dá mi lóhùn. “Tí mo bá sùn, kí ni wọ́n tún máa gé?”

Mi ò ní èsì. Èmi tí mo ń bá oníbàárà jiyàn láti àárọ̀ di alẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Mọ́kọ́lá, ọmọ ọdún 6 pa mí lẹ́nu mọ́ nínú òkùnkùn. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbé orí rẹ̀ lé àyà mi, àwa méjèèjì sì wà báyẹn títí àkùkọ fi kọ.

Ìpá ni wọ́n ṣe fún un. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa ń pa àwọn kan lẹ́rìn-ín, torí nígbà tí àwa wà ní kékeré, àgbàlagbà tó ń fi agbádá bo nǹkan mọ́lẹ̀ la mọ̀ mọ́ ìpá. Ti ọmọdé kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọkùnrin bá ṣì wà nínú oyún, inú ikùn ni kórópọ̀n rẹ̀ máa ń wà. Bí ọjọ́ ìbí bá ń súnmọ́, á gba ọ̀nà tóóró kan sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò tirẹ̀, ọ̀nà náà á sì dí. Ti àwọn ọmọ mìíràn kì í dí tán, pàápàá àwọn tí oṣù wọn kò pé kí wọ́n tó bí wọn, ìfun á wá máa gba ibẹ̀ yọ. Ti Àkànní wà ní apá ọ̀tún, ibi tí itan ti so mọ́ ikùn. Bó bá sunkún tàbí tó wúkọ́, á yọ bí ẹyin àdìẹ. Bó bá sùn, á wọlé. Ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń sọ fún un láti ìgbà tó ti ń tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ nìyẹn: “Lọ sùn, á wọlé.” Ẹ ò rí i pé oorun gan-an ni oògùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Dókítà ní ká má fi falẹ̀. Ìdodo tó yọ síta sábà máa ń wọlé fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 5, ṣùgbọ́n ìpá irú èyí kì í lọ fúnra rẹ̀, bí ìfun bá sì há sínú rẹ̀, eré òru ló máa ń dà. Iṣẹ́ abẹ náà kò tó wákàtí kan. Àárọ̀ la lọ, ìrọ̀lẹ́ la dé.

Irọ́ la fi gbé ọmọ náà jáde nílé. Wọ́n ti sọ fún wa pé kò gbọ́dọ̀ jẹun láti òru, kí oúnjẹ má baà gòkè wá dí i léèmí nígbà tí oògùn bá ń ṣiṣẹ́. Dípò ká sọ bẹ́ẹ̀ fún un, a ní gáàsì ti tán. Gáàsì ò tán. Ìyá rẹ̀ ṣe tíì mu ní kọ̀rọ̀. A ní a fẹ́ lọ kí dókítà, a ó sì ra áìsìkiriìmù nígbà tí a bá ń bọ̀. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì na ọwọ́, ó ní, “Ẹ gbé e fún wa, ẹ dúró síta.” Ó wá tẹ̀ ba, ó sọ fún Àkànní pé, “Wàá kàn sùn díẹ̀ ni. Kí o tó jí, gbogbo ẹ̀ á ti tán.” Ohùn rẹ̀ tutù, kò ní ibi kankan nínú. Èmi náà mi orí. Mo gbọ́ tí ọmọ mi ń pè mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, “Dádì! Dádì!” Lẹ́ẹ̀kẹta, ìdajì orúkọ náà ló jáde. Ohùn náà kò rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ohùn ọmọ tí oorun ń gbé lọ, ńṣe ló gé.

Gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn sọ ló ṣẹ. Ó sùn, ó jí, gbogbo ẹ̀ ti tán. Ó bá báńdéèjì lára ibi tí kò sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀.

Jíjí rẹ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, mi ò lè gbàgbé. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, kò sì mọ̀ wá. Ó ń rànrán, ó ń ta ẹsẹ̀, ó ń nawọ́ sí àjà bí ẹni tó ń lé nǹkan. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún, ó rò pé wọ́n ti ba ọmọ òun lórí jẹ́. Dókítà tó kùn ún lóorun wá bá wa, ó ní ketamine ni òun lò, pé irú èyí kì í pẹ́ lọ. Oògùn náà kì í ṣe tuntun. Ọdún 1962 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Amẹ́ríkà, láti 1985 ló sì ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí kòṣeémánìí. Ìdí tí àwọn dókítà ilẹ̀ wa fi fẹ́ràn rẹ̀ yé mi nígbà tó ṣàlàyé: kì í fi bẹ́ẹ̀ dí ẹni léèmí, kò sì bèèrè ẹ̀rọ rẹpẹtẹ tí yóò máa jẹ iná, iná tí a kò sì ní. Àmọ́ àwọn kan máa ń rí mèremère nígbà tí ó bá ń dá lójú wọn. Kò pé ìṣẹ́jú 30 tó fi padà sípò, ó ní kí n fún òun lómi. A rò pé ó ti parí nìyẹn.

Alẹ́ àkọ́kọ́ nílé, ìrora ló jí i, mo sì fẹ́ kí àwọn òbí gbọ́ èyí dáadáa. Wọ́n ní ká máa fún un ní parasítámọ̀ ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà fún ọjọ́ méjì, bóyá ó sunkún tàbí kò sunkún. Àwa ń ṣọ́wọ́ná, à ń dúró dìgbà tó bá ké kí a tó ṣí ìgò. Bí ìrora bá ti jí ọmọ lóru, oògùn á tó ìdajì wákàtí kó tó wọ ara, ọmọ á sì ti mọ̀ pé òru ni ìrora ń wá. Mílígíráámù 15 sí kílò kan ara ọmọ ni ìwọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kílò 19 ni Àkànní, mo sì ní láti fi ẹ̀rọ ìṣirò ṣe é, torí omi oògùn inú ìgò kan le ju ti èkejì lọ. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé aago, ìrora kò jí i mọ́.

Alẹ́ kejì, igbe. Kò tíì pé wákàtí méjì tó sùn tó dìde fùú, ó ń ké, ojú sílẹ̀, òógùn bò ó, ó sì ń tì mí dànù bí mo ṣe fẹ́ gbá a mọ́ra. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti dùbúlẹ̀ padà, kò sì rántí nǹkan kan láàárọ̀. Mo bi dókítà ọmọdé kan tó ń gbé àdúgbò wa. Ó ní ìdágìrì òru lèyí, yàtọ̀ sí àlákálàá. Ìdágìrì máa ń wá ní ìbẹ̀rẹ̀ òru, oorun ò tíì dá lójú ọmọ, kò gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ, nítorí náà ẹ má jí i, ẹ má gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, ẹ kàn ṣọ́ ọ kó má ṣubú. Àlákálàá máa ń wá nígbà tí ilẹ̀ bá ń súnmọ́ mímọ́, ọmọ á jí pátápátá, á lè rò ó fún yín, ó sì fẹ́ kí ẹ di òun mú. Ó ní lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń ṣe irú eléyìí, pé wọ́n lè máa rọ̀ mọ́ ìyá wọn, kí wọ́n tún máa tọ̀ sórí ibùsùn, ó sì sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bó bá kọjá oṣù kan tí kò dẹwọ́, ká mú un wá.

Títọ̀ sórí ibùsùn náà kò gbẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ jágbe mọ́ ọn láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí a tó gbọ́ àlàyé yìí. Ó ṣì ń dùn ún títí di ìsinsìnyí, mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Alẹ́ kẹta ni ti ìpéǹpéjú tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀.

Láàárọ̀, màmá mi wọ ọkọ̀ láti Ìsẹ́yìn dé. Mo ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ, wọ́n sì sọ ọ́: ẹgbẹ́ ọ̀run rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ká mú un lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ sọ. Mo rò ó fún wọn. Wọ́n dákẹ́ pẹ́.

“Kí lẹ sọ fún un kí wọ́n tó gbé e wọlé?”

Mo ní a sọ pé á sùn ni, pé wọ́n máa kùn ún lóorun.

“Àlàó, olè ló ń kunni lóorun. Àwọn olè ayé àtijọ́ ló máa ń kun ilé lóorun kí wọ́n tó wọlé.” Wọ́n fọwọ́ kan ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. “Nígbà tí wọ́n kọ èyí fún mi, mo ti ń sáré kiri. Bàbá mi ló dì mí mú. Mo rí olóòlà, mo rí abẹ, mo ké títí ohùn mi fi há. Wọ́n kán omi ìgbín sí i. Mo sùn fọnfọn lálẹ́ ọjọ́ náà, torí ẹni tó gé mi ti lọ sílé rẹ̀, mo rí i tó lọ. Ẹ̀yin ẹ̀yìn lẹ gbà yọ sí tiyín. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹni tó gé e ti lọ?”

Mi ò fi èyí sọ pé ká padà sí ilà kíkọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ti ka sísa ọmọ lára léèwọ̀, mo sì fara mọ́ ọn. Mi ò sì ní gbà kí wọ́n gé ọmọ mi lójú ayé nígbà tí oògùn wà. Ṣùgbọ́n màmá ti fọwọ́ kan ojú egbò náà. Oorun la fi ṣe ìbòjú. Ohun kan tí ọmọ náà ń ṣe lálaalẹ́ tí kò ní ẹ̀rù nínú ni a yá lò fún abẹ, a kò sì dá a padà fún un.

Mo ti kà nígbà kan nípa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Robertson ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ya fíìmù ọmọdébìnrin ọlọ́dún méjì tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ìdodo, tó sì lo ọjọ́ 8 ní ọsibítù láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ bá a gbé ibẹ̀. Fíìmù náà jáde ní 1952. Ní ayé ìgbà yẹn, àwọn ọsibítù Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kí òbí wọlé bó ṣe wù wọ́n, ìgbà tó di 1959 ni ìjọba gba ìròyìn ìgbìmọ̀ kan tó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn òbí. Nígbà tí mo kà á, mo fọ́nnu. Mo ní kí làwa rí tó jọ ìyẹn? Lọ́dọ̀ wa, ìyá á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ìyá àgbà á gbé àmàlà wá, wọn ò lè lé ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni. A kì í fi ọmọ sílẹ̀. A kàn máa ń parọ́ fún un ni, tí a bá sì fẹ́ kó jẹun, a ó ní dókítà ń bọ̀ wá fún un lábẹ́rẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, èmi àti ìyá rẹ̀ jókòó tì í. Ìyá rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Àkànní, gáàsì ò tán lọ́jọ́ yẹn o. Mo parọ́ fún ẹ. Má bínú.”

Ọmọ náà kò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń ya mọ́tò. “Mo mọ̀. Mo gbóòórùn tíì.”

Mo wá sọ tèmi. Mo ní oorun méjì ló wà. Oorun tìẹ rèé, èyí tí o ń sùn lálaalẹ́: bí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́, wàá jí, bí ìtọ̀ bá gbọ̀n ẹ́, wàá jí, bí mo bá pè ẹ́, wàá jẹ́ mi. Ti ọsibítù kì í ṣe oorun rárá, oògùn ni. Dókítà nìkan ló ní in, kò sí nílé yìí, kò sí nínú oúnjẹ, kò sì lè bá ọ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ. Bí ọjọ́ kan bá tún wà tí o máa gbà á, èmi ni màá sọ fún ẹ, lójú mọmọ, kí a tó kúrò nílé. Mo ní wọ́n gé ọ, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì ti rán an. Ìfun rẹ ni wọ́n tì padà síbi tó yẹ kó wà. Wọn ò yọ ẹ̀yà ara rẹ kankan.

Ó rò ó. “Irọ́ kọ́ lèyí?”

“Irọ́ kọ́.”

“Ẹ sùn kí n wò ó.”

Bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lálẹ́, mo tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo dùbúlẹ̀, mo dijú. Màá gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè: “Dádì!” Màá ní, “Hùn.” “Ṣé ẹ ti sùn?” “Mo ti sùn.” “Ẹ sùn dáadáa.” Ìṣẹ́jú méjì, “Dádì!” A lè ṣe é nígbà 20 lóru kan. Ó tún máa ń na ọwọ́ láti òkè wá fa etí mi. Ó ń wá ibi tí oorun mi yóò ti jinlẹ̀ débi tí òun ò ní lè jí mi.

Màmá náà kò jókòó lásán. Wọ́n fi ìrépé aṣọ rán ọmọláńgidi kan fún un, wọ́n ki owú sí i nínú. Mo rò pé ó máa gbé e sùn ni. Rárá o, iṣẹ́ abẹ ló fi í ṣe. Ojoojúmọ́ ló ń fi báírò la ìlà sí i nítan, tó sì ń lẹ plásítà mọ́ ọn. Àárọ̀ kan mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ ohun tó ń bá a sọ: “Mo fẹ́ gé ẹ. Á dùn ẹ́ díẹ̀. Dádì ẹ wà níta, wọn ò lọ.” Mo padà sẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kó má baà rí mi.

Oríkì wọn tún wà níbẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, wọ́n á fi ọwọ́ kan an lẹ́yìn, wọ́n á máa ki í láti orí bàbá ńlá wa dé orí tirẹ̀, ohùn kan náà, kò yára, kò lọ́ra. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ohun tó ń ṣe, ju pé èjìká rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀. Ti wòlíì tí wọ́n ní, wọn ò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n da òróró díẹ̀ sí i lórí nígbà tí mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, torí ìrọ̀rí ń yọ̀. Mi ò bá wọn jà.

Alẹ́ kẹjọ tàbí kẹsàn-án, iṣẹ́ ìwé ìpè ìgbéyàwó kan ti bẹ́ mi lọ́wọ́, n kò délé títí aago mẹ́wàá fi lù. Mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní, oorun sì gbé mi lọ ní tòótọ́. Ohun tí mo tún mọ̀ ni pé ọwọ́ kékeré kan, ó tutù, ń fa ṣẹ́ẹ̀tì mi sókè. Mi ò mira. Ó gbé iná oníbátìrì náà wá sítòsí, mo rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ láti inú ojú tí mo dì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra mi níkùn, láti ìdodo dé ìhà, ọ̀tún, ó tún bọ́ sí òsì. Ó ń wá ojú abẹ. Ìgbà tó wá a títí tí kò rí i, ó fa ṣẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀, ó tẹ́ ẹ dáadáa. Ó wá pè mí, kò pariwo: “Dádì.”

“Hùn.”

“Ẹ sùn ní tòótọ́?”

“Ní tòótọ́.”

“Wọn ò gé yín.”

Ó gun orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ padà, ó yíjú sí ògiri. Èmi ni mi ò rí oorun sùn mọ́.

Nígbà tí a padà lọ kí wọ́n wo ojú egbò náà, mo ti sọ fún un láti òru àná: wọ́n máa ṣí plásítà, ó lè fa irun ara rẹ̀ díẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí oògùn oorun. Nọ́ọ̀sì mìíràn ló bá wa, ó ní, “Kò ní dùn ẹ́ rárá.” Àkànní wò mí. Mo ní, “Á dùn ẹ́ díẹ̀, sísítà gbàgbé ni.” Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun gbàgbé. Ó dùn ún, ó ké “yéè!” lẹ́ẹ̀kan, a sì lọ ra áìsìkiriìmù tí a jẹ ẹ́ ní gbèsè láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Oṣù kẹrin rèé. Àwọn alẹ́ kan ṣì wà tó máa ń bi mí pé irú oorun wo ni òun fẹ́ sùn, mo sì máa ń dáhùn bíi pé kò bi mí rí. Mo ti ká ẹní mi kúrò nínú yàrá rẹ̀. Láàárọ̀ òní, kí n tó dìde, ó wọlé wá bá mi, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sókè, ó wo ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níbẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó gbé tèmi náà, ó wò ó. Ó ní, “Ẹ ti jí?” Mo ní mo ti jí. Ó lọ fọ ẹnu.